Kí Ni Ọ́fíìsì Lè Rí Lórí Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Yín? Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Èkó

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Marina, Broad Street tàbí Ìkẹjà tó fọwọ́ kan iṣẹ́, WhatsApp Web ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé wà níbẹ̀, ti ẹbí wà níbẹ̀, ti èsúsú wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù náà ò gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn: ta ló lọ sọ fún un?

Ó lè jẹ́ èèyàn ló sọ. Ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n. Àmọ́ ẹni tí query ti wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, kó fo lọ sí ìgbésẹ̀ kẹfà ná, kó tó padà wá ka ìyókù.

1. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ni kí ni?

Ta ló ni ẹ̀rọ? Ta ló ni íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e? Ta ló ni àkáǹtì tí ẹ fi wọlé? Ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ ohun tí ọ́fíìsì lè rí. Àìbéèrè wọn ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa bẹ̀rù níbi tí ewu ò sí, tí àwọn míì sì ń sinmi lé ibi tí kò ṣeé sinmi lé.

Tí fóònù bá jẹ́ tiyín, tó jẹ́ dátà MTN tàbí Glo tí ẹ fowó ara yín rà ló ń gbé e, tí àkáǹtì sì jẹ́ tiyín, ọ́fíìsì ò rí nǹkan kan, àyàfi ohun tí ẹ bá gbé síta fún gbogbo ayé tàbí ohun tí ẹlòmíì bá lọ fi hàn wọ́n.

Tí ẹ bá so fóònù kan náà yẹn mọ́ wáìfáì ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ yí díẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó wáìfáì lè rí orúkọ fóònù yín (àwọn kan sì fi orúkọ àbísọ wọn sí i gbàgàdà), aago tó wọlé, ìwọ̀n dátà tó ń jẹ, àti orúkọ sáìtì tó ń lọ. Bí àdírẹ́sì sáìtì bá fi https bẹ̀rẹ̀, kò kọjá orúkọ yẹn. Wọ́n lè mọ̀ pé ẹ wà lórí Facebook, tàbí pé ẹ wà lórí sáìtì tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ míì láago mọ́kànlá àárọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Ní ti WhatsApp, láti 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa láti ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Kò sí wáìfáì tó lè kà á lójú ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí Incognito, ojú ewé ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú Chrome, tàn yín jẹ. Àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín ló ń pa rẹ́. Ohun tí ẹni tó ni wáìfáì ń rí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń rí.

Orí laptop ilé iṣẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù. Ẹnì kan á gbé e dé Ìkòròdú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á so ó mọ́ dátà ara rẹ̀, á ní òun ti bọ́ lójú ọ̀gá. Kò tíì bọ́. Bí ètò tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ bá wà nínú laptop yẹn, inú rẹ̀ ló ń gbé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá tiẹ̀ sí, á kó ohun tó rí pamọ́, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tó bá yá. Ìdí nìyí tí títì tí WhatsApp ti ọ̀rọ̀ pa kò fi lè gbà yín lórí WhatsApp Web: ojú ọ̀nà ni wọ́n ti tì í, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣí i. Ohunkóhun tí ojú tiyín bá ti lè kà níbẹ̀, ètò tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà lè yà á.

Ó wá ku àkáǹtì. Ìméèlì iṣẹ́, Teams, Drive tí ilé iṣẹ́ ṣí fún yín, tiwọn ni, kódà bó jẹ́ orí fóònù yín lẹ ti ń lò ó. Pípa ìméèlì rẹ́ kì í sábà pa á rẹ́ pátápátá: ilé iṣẹ́ tó ń lo Google Workspace lè ní Vault, tó máa ń tọ́jú ohun tí òṣìṣẹ́ ti parẹ́, Microsoft náà ní irú ẹ̀. Èsì àyẹ̀wò láti ọsibítù, ọ̀rọ̀ tọkọtaya, CV tí ẹ fi ń wá iṣẹ́ míì, kò yẹ kí ọ̀kan nínú wọn gba orí ìméèlì iṣẹ́ kọjá.

2. Ẹ yẹ ẹ̀rọ wò

Èyí ò gbà ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Accounts, kí ẹ wá Access work or school. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ìjánu ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ wọn dé ìwọ̀n kan. Nínú Chrome, ẹ tẹ chrome://management síbi tí ẹ ti ń kọ àdírẹ́sì. Á sọ fún yín bóyá ilé iṣẹ́ ló ń darí rẹ̀, á sì máa ń dárúkọ díẹ̀ lára ohun tí wọ́n lè rí. Lórí iPhone, inú Settings, lábẹ́ General, ni VPN & Device Management wà. Lórí Android, ẹ wo àwọn áàpù yín: èyí tó bá ní àmì báàgì kékeré lára, ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ló wà.

Ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ yìí ṣe kókó, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ní kó gbé ìméèlì ọ́fíìsì sórí fóònù tó fowó ara rẹ̀ rà ní Computer Village. Android ya fóònù sí méjì: ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ti iṣẹ́, ìkejì jẹ́ tiyín. Ilé iṣẹ́ lè pa ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lè rí fọ́tò yín, ọ̀rọ̀ yín tàbí àwọn áàpù yín ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀nà míì wà, tó ń fa gbogbo fóònù lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba ìyẹn ti fún wọn láṣẹ láti rí gbogbo áàpù orí rẹ̀, àti láti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, àwòrán ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ Accept, ẹ ka ojú ìwé tó gbé wá. Bó bá jẹ́ gbogbo fóònù ni wọ́n fẹ́, ẹ sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n fún yín ní fóònù iṣẹ́.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ohun tí mo sọ nípa https lókè, orí ẹ̀rọ tiyín ló ti dájú. Ilé iṣẹ́ lè fi ìwé ẹ̀rí tara wọn (certificate, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbà pé ojúlówó ni sáìtì) sínú laptop wọn, tí ẹ̀rọ wọn á máa ṣí ohun tó wà nínú https lójú ọ̀nà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì tún un tì. Láti mọ̀, ẹ ṣí sáìtì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ yín lẹ rí, tàbí ti àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bíi Zscaler tàbí Fortinet, wọ́n ń ṣí i nìyẹn.

Àwọn ètò tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ gan-an náà lórúkọ: Teramind, ActivTrak, Hubstaff, Time Doctor. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Yábàá àti Gbàgádà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun mọ Hubstaff àti Time Doctor dáadáa. Wọ́n máa ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì máa ń wọn bí ọwọ́ ṣe ń lọ sí lórí kíbọ́ọ̀dù. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n lè fi pamọ́ pátápátá, tí ẹ ò ní rí orúkọ wọn níbì kankan, torí náà bí ẹ wá a tì, ìyẹn ò sọ pé kò sí.

Tí ẹ bá rí i, ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó yọ ọ́ ti fún wọn ní ẹ̀sùn tó le ju Facebook tó ń wò lọ. Bákan náà ni VPN, áàpù tó ń fi ibi tí ẹ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 tí ìjọba ti Twitter pa, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 tí wọ́n ṣí i, gbogbo Èkó ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo VPN, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣì wà lórí fóònù wọn dòní. Lórí fóònù tiyín, ẹ lò ó bó bá wù yín. Lórí laptop ilé iṣẹ́, kò dí ojú ètò tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, òun gan-an sì ni yóò kọ́kọ́ pe àkíyèsí wọn.

3. Ẹ wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí jáde

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, bébà á pọ̀, èèyàn á máa fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín àti ìwé ìlànà òṣìṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ wọ́n, torí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni monitoring, acceptable use, social media, personal device. Ẹ wò ó bóyá wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́, ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, ẹni tó ń rí i, àti bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà kankan, Abala 7 Òfin Iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn iṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn dìídì ń bá wí. Ó yọ àwọn alákòóso àti àwọn onímọ̀ṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò lè béèrè. Ẹ kọ ọ́ sí HR ní ìméèlì kúkúrú, láìfi ìbínú sí i: "Ẹ kúuṣẹ́, mà. Mo fẹ́ rí i dájú pé mò ń tẹ̀ lé ìlànà ilé iṣẹ́ lórí lílo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́." Bí ẹ bá béèrè báyìí, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣe dáadáa lẹ jọ. Bí wọ́n bá fèsì, ẹ ti ní in lọ́wọ́; bí wọn ò bá fèsì, ẹ̀rí nìyẹn náà.

4. Ibi tí òfin dé

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òfin fún àwọn ní àṣírí, nítorí náà ọ̀gá ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ àwọn rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ lè ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ nítorí ìdí tó mọ́gbọ́n dání: kí olè má baà jí owó oníbàárà, kí àṣírí ilé iṣẹ́ má baà lu síta. Ohun tí òfin kọ̀ fún un ni kó ṣọ́ yín lẹ́yìn yín, kó kó ju ohun tó nílò lọ, tàbí kó fi ohun tó kó ṣe nǹkan míì.

Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí tẹlifóònù. Lórí ìyẹn ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 wá, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ṣe wí, ẹni tó bá ń kó dátà yín gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ìyọ̀ǹda yín ló gbára lé, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn pé ẹ yọ̀ǹda. Dídákẹ́ tí ẹ dákẹ́ kò tó. Abala 34 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín lọ́wọ́, àti láti gba ẹ̀dà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì tó bá rú òfin yìí lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ kan ti òkè òkun wá tí àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ràn. Ẹnjiníà kan ní Ròmáníà, tó ń jẹ́ Bărbulescu, ṣí Yahoo Messenger fún àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi bá arákùnrin rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì lé e lọ ní 2007. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2017, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre: kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ ò lè ṣọ́ òṣìṣẹ́ rárá, bí kò ṣe pé àwọn ilé ẹjọ́ Ròmáníà ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá wọ́n ti sọ fún un ṣáájú bí ìṣọ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ìdájọ́ yẹn ò de ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí òfin tiwa náà ṣe ń ronú nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń ka èyí, tó ní òṣìṣẹ́ bíi mẹ́jọ nílé ìtajà ní Ìlúpéjú: ìwé kan tó ṣe kedere, tí ẹ kà fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, yóò gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ju ètò olówó gọbọi lọ. Ẹ ti Facebook pa lórí wáìfáì bí ẹ bá fẹ́. Ìyẹn sàn ju kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

5. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé síta

Lójú tèmi, ètò ìṣọ́ni tó múná jù l'Ékòó kì í ṣe Teramind. Screenshot ni, láti ọwọ́ ẹni tí ẹ jọ jókòó. Ẹni tó gba ìsinmi àìsàn lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá gbé ara rẹ̀ sórí WhatsApp status nínú aṣọ ẹbí lóde òwàḿbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ.

Ẹ lọ sí Settings nínú WhatsApp, kí ẹ wọ Privacy, kí ẹ wọ Status, kí ẹ yan My contacts except, kí ẹ sì kó àwọn ará ibi iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ lè ya àwòrán rẹ̀ fún ẹni tí ẹ yọ. Ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá dá sílẹ̀ láti máa bú ọ̀gá, kò sí bó ṣe kéré tó, ẹ kà á sí pé ọ̀gá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà ní tiẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà nítorí pé gbajúmọ̀ kan wá sí kàǹtà ti rú òfin dátà tí mo sọ lókè. Gbólóhùn "èrò tèmi nìyí, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mi" tí àwọn èèyàn ń kọ sí X ò ní gbà á sílẹ̀.

Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù Facebook yín ńkọ́? Ẹ má fún un. Ohùn tí ẹ máa fi sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì: "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ẹbí mi àti tàwọn ẹlòmíì wà níbẹ̀, mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ohun kan bá wà tó kan ilé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, mo ṣe tán láti dáhùn." Àwọn tó ń fipá mú òṣìṣẹ́ kó máa gbé ìpolówó ọjà ilé iṣẹ́ sórí status ara rẹ̀ ní àràárọ̀ náà wà. Bí kò bá sí nínú àdéhùn yín, ẹ lè ní rárá. Bóyá ó tọ́ kí ẹ jà lé ìyẹn lórí, ẹ̀yin lẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí.

6. Bí query bá dé

Ẹ má fèsì ní wákàtí tí inú ń bí yín. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n fún yín, kí ẹ fèsì kó tó pé. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè ẹ̀rí: ọ̀rọ̀ wo, ọjọ́ wo, orí ẹ̀rọ wo, ìlànà wo ni wọ́n ní ẹ rú? Ìbéèrè mẹ́ta inú ìgbésẹ̀ kìíní wúlò gan-an níbí. Bí ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì bá jẹ́ tiyín, ẹ béèrè bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dé ọwọ́ wọn. Abala 12 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lójú ọ̀nà láìní àṣẹ. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ nígbà tí ẹ̀sùn bá ti délẹ̀, á dà bí ìgbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ̀bi.

Bí wọ́n bá gbé lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ kà á nílé. Bó bá jẹ́ fáìnì ni wọ́n fẹ́ yọ nínú owó oṣù nítorí pé ẹ ń tẹ fóònù lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe wọ́pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, Abala 5 Òfin Iṣẹ́ kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ fáìnì nínú owó òṣìṣẹ́ tí òfin yẹn bò.

Bí kò bá yanjú nínú ilé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń bá òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá parí ìjà láìgba owó. Ẹ̀sùn tó bá jẹ mọ́ dátà, NDPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bó bá wá di ilé ẹjọ́, National Industrial Court ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń lọ, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkòyí. Ẹ gba agbẹjọ́rò kí ẹ tó débẹ̀.

7. Bí ẹ bá ń kúrò

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ ti lo ìméèlì iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ara yín: álẹ́ẹ̀tì báńkì, PenCom, iléèwé ọmọ. Ẹ yí wọn sí ìméèlì tiyín. Ẹ má fi fáìlì ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Gmail yín, bó ti wù kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ètò tó ń pe àkíyèsí sí i lójú ẹsẹ̀, òun sì ni wọ́n máa ń fi dá owó ìgbẹ̀yìn dúró.

Pásíwọ́ọ̀dù iṣẹ́, títí kan ti Instagram ilé iṣẹ́ tó wà lórí fóònù yín, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti dá a padà. Abala 31 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 yẹn ló pa á láṣẹ, ẹni tó bá dì í mú láìnídìí sì lè rí ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí WhatsApp lórí fóònù yín, kí ẹ lọ sí Linked devices, kí ẹ yọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún lọ́jọ́ Ajé.